Ìbọn ìwọn-ooru mi ń parọ́ lẹ́nu ìléru: ṣé máíkírówéèfù lè bá wa dá sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. À ń yọ́ àlúmì àlòkù, a sì ń fi rọ ìkòkò. Lẹ́yìnkùlé, a tún mọ ààrò ńlá kan tí a fi ń sun bíríkì alámọ̀. Mo ra ìbọn ìwọn-ooru kan, irú èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà, àmọ́ tèmi lè ka ooru tó ga. Tí mo bá nà án sí àlúmì tó ti yọ́ bí omi, 310 ló ń kọ. Tí awọ eérú bá bo orí rẹ̀, á kọ 590. Lẹ́nu ààrò bíríkì, bí èéfín bá ṣe ń kọjá ni iye náà ń lọ sókè sódò. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé ìgbì máíkírówéèfù lè wọn ooru láti òkèèrè, èéfín ò sì ní dí i lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni, sà? Ṣé irú èyí tó ń se oúnjẹ yẹn kò ní se àwa náà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì lẹ kó pọ̀ lẹ́yìnkùlé yín, ìdáhùn mi ò sì lè jẹ́ ọ̀kan. Ààrò bíríkì yín, máíkírówéèfù lè wọ̀n ọ́n, kódà ó lè mọ ohun tí ìbọn yẹn ò ní mọ̀ láéláé. Àlúmì yíyọ́, kò lè wọ̀n ọ́n; yóò ṣì í wọ̀n ju ìbọn rẹ lọ. Ohun kan náà ló fa méjèèjì, òun náà ló sì ń mú ìbọn rẹ kọ 310. Tí o bá ti mọ ohun yẹn, wàá mọ bí o ṣe máa lo ẹ̀rọ èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé fún ẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn rẹ. Máíkírówéèfù inú ilé ìdáná, ńṣe ló ń da ìgbì sórí oúnjẹ, wáàtì bíi 700 sí 1,000. Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí kì í da ohunkóhun jáde. Ńṣe ló jókòó, tó ń tẹ́tí. Nǹkan gbígbóná náà fúnra rẹ̀ ló ń tú ìgbì jáde, kò sì sí ohun tó lóoru lára tí kì í tú u: ògiri ilé yín, ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ ògiri náà, ìwọ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ó kéré débi pé tí bíríkì bá gbóná dé 1,000°C, tí àlàfo ìgbì tí ẹ̀rọ ń gbọ́ sì fẹ̀ tó 1 GHz (GHz kan túmọ̀ sí mímì ìgbà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), kí o pín wáàtì kan ṣoṣo sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, kí o mú nǹkan bíi 18 níbẹ̀, ohun tó ń wọ etí ẹ̀rọ nìyẹn. Kò lè se kòkòrò.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé wa ò sì jìnnà sí àgbẹ̀dẹ. Bàbá tó ni àgbẹ̀dẹ náà kì í jẹ́ kí a ká aṣọ tó ta sẹ́nu ọ̀nà sókè nígbà tí irin bá wà nínú iná. Mo rò pé ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ fún wa ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òkùnkùn ló ń wá, kó lè rí àwọ̀ irin náà dáadáa. Ọmọ tó wà nídìí ewìrì á máa fẹ́ná, bàbá á bẹ̀rẹ̀, á tẹjú mọ́ ọn. Lákọ̀ọ́kọ́, irin náà á ṣì dúdú, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á ti mọ̀ pé ó gbóná. Tó bá dé nǹkan bíi 525°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nínú òkùnkùn, pupa rẹ́súrẹ́sú bí osùn tó gbẹ mọ́ òkúta. Tó bá gbóná sí i, á dà bí epo, á dà bí pupa ẹyin, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Bàbá ò ní ẹ̀rọ kankan, àmọ́ ó mọ ìgbà tó yẹ kó fi ẹ̀mú fà á yọ, kó sì gbé e lé orí owú.

Ohun tí ojú bàbá rí, díẹ̀ ni nínú ohun tí irin ń tú jáde. Ìgbóná tó kọ́kọ́ kàn wá lẹ́rẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ ni òun náà, ojú wa ni kò lè rí i. Òun ni ìbọn rẹ ń rí. Ìgbì rẹ̀ kúrú débi pé nǹkan bíi 100 rẹ̀ ló máa tò sínú mílímítà kan. Máíkírówéèfù jẹ́ ìbátan rẹ̀ tó gùn: ní 10 GHz, ìgbì kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, bí ìbú ìka méjì.

Gígùn yìí ló jẹ́ kí èéfín má lè dí i. Ọ̀pọ̀ hóró èéfín igi kò tó ìdá kan nínú 1,000 mílímítà. Tí ìgbì odò ńlá bá ń bọ̀, kò mọ̀ pé koríko kan dúró sójú ọ̀nà òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ iná fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lójú máíkírówéèfù. Ìbọn rẹ ní tiẹ̀ ń ka bíríkì, ó ń ka ọwọ́ iná, ó ń ka èéfín gbígbóná, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kọ iye kan fún ẹ. Ìdí nìyẹn tí iye náà fi ń jó lẹ́nu ààrò.

Ó tún ní èrè mìíràn tí mo fẹ́ràn gan-an. Ara òde bíríkì nìkan ni ìbọn ń rí, kò rí ohun tó wà lábẹ́ awọ. Ìgbì máíkírówéèfù ń ti inú amọ̀ gbígbẹ jáde wá, nítorí náà iye tó bá kọ jẹ́ àdàlù ara òde àti inú. Ìwọ tó o ti fọ́ bíríkì rí, tó o bá inú rẹ̀ ní dúdú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, o mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá ṣe ń gbóná sí i ni ìgbì yìí ń ṣòro láti gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà má retí pé wàá rí àárín bíríkì kedere nígbà tí ààrò bá ti ń jó gidi.

Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan tí èmi náà fẹ́ lù wá kàn báyìí.

Ohun tí kò bá gba ìgbì wọlé kò lè tú ìgbì jáde. Gustav Kirchhoff, ará Jámánì, ló fìdí èyí múlẹ̀ láàárín ọdún 1859 sí 1860, kò sì tíì yí padà. Amọ̀, èédú, eérú àti ìdàrọ́ ń gba ìgbì wọlé dáadáa, wọ́n sì ń tú u jáde dáadáa. Irin dídán kì í gbà á wọlé. Ńṣe ló ń dá a padà bíi dígí. Nítorí náà, tí o bá nà ẹ̀rọ sí irin dídán, ohun tó yí i ká lo ń wọ̀n, ìwọ yóò sì rò pé òun lo ń wọ̀n.

Wo ìbọn rẹ, wàá rí bọ́tìnì tàbí àkọsílẹ̀ emissivity lára rẹ̀. Ìpín tí nǹkan ń tú jáde nínú gbogbo ohun tó yẹ kó tú jáde ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Orí 0.95 ni wọ́n sábà máa ń fi í sí láti ilé iṣẹ́, èyí tó bá awọ ara, igi àti bíríkì mu. Àlúmì yíyọ́ tí awọ tín-ín-rín wà lójú rẹ̀ lè má tó 0.3. Ìbọn ò mọ̀. Ó gbọ́ ohùn kékeré, ó ní ooru ló kéré, ó kọ 310. Bẹ́ẹ̀, 660°C ni àlúmì tí kò lábùlà ń yọ́; ti àlòkù lè tètè rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó ń yọ́ ní 310. Nígbà tí awọ eérú bá wá nípọn lórí rẹ̀, á máa tú púpọ̀ jáde, ìbọn á kọ 590. Ooru àlúmì náà ò yí padà ní ìṣẹ́jú yẹn, awọ rẹ̀ ló yí padà.

Ní ti máíkírówéèfù, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 10 GHz, nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ni àlúmì yíyọ́ ń tú jáde nínú ohun tó yẹ kó tú. Awọ eérú tín-ín-rín yẹn kò sì já mọ́ nǹkan lójú ìgbì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3.

Mo ti fi ojú ara mi rí i. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gun òrùlé pẹrẹsẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. A mú LNB, orí kékeré tó máa ń wà níwájú díṣì DStv, torí láàárín 10.7 sí 12.75 GHz ló ń gbọ́, a so ó mọ́ fáíńdà alábẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń so díṣì fi ń wá sátẹ́láítì. A kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀run níbi tí sátẹ́láítì ò sí, abẹ́rẹ́ wálẹ̀, torí ojú ọ̀run tó mọ́ tutù gan-an létí ìgbì yìí. Mo ní kí ọmọbìnrin kan fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu LNB náà. Abẹ́rẹ́ fò sókè, fáíńdà han. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó bíi pé nǹkan ta á. Ooru ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbọ́. A gbé ìṣasùn amọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná síwájú rẹ̀, abẹ́rẹ́ tún ga sí i. A kó ewé tútù síná kí èéfín lè rú gbà àárín wọn kọjá. Abẹ́rẹ́ ò mì. A wá mú ọmọrí ìkòkò àlúmì tó wà lórí iná kan náà, tó gbóná débi pé aṣọ la fi dì í mú, a dà á dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ síwájú LNB. Abẹ́rẹ́ já wálẹ̀ ju ti àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú ọ̀run tútù ni ọmọrí náà ń dá padà. Gbogbo wa dákẹ́ lórí òrùlé yẹn. Mo ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí lójú pátákó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọrí ìkòkò kan ló wá jẹ́ kó yé wọn.

Ìwà mìíràn tún wà tí ìgbì gígùn yìí ní. Tí o bá ka ooru lórí òṣùwọ̀n Kelvin, ìyẹn ni pé kí o fi 273 kún iye Sẹ́líṣíọ̀sì (°C), agbára máíkírówéèfù ń bá a rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ooru di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po méjì. Òfin tí Max Planck gbé kalẹ̀ ní ọdún 1900 ló fi èyí hàn fún ìgbì tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó dára, torí pé ojú ìwọ̀n méjì péré tí ooru wọn dá ẹ lójú ti tó láti fa ìlà tọ́ọ́rọ́ fún gbogbo ìyókù. Àmọ́ ó tún le, torí tí o bá ṣi ìpín ìtújáde yẹn gbà ní ìdá 10 nínú 100, ooru náà á ṣì ní ìdá 10 nínú 100. Ní 1,000°C, ìyẹn jẹ́ àṣìṣe bí ìwọ̀n 127. Irú ìbọn tìrẹ á ṣì ní bí ìwọ̀n 76. Ìbọn olówó gọbọi tó ń lo ìgbì kúkúrú, tó jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 mílímítà, á ṣì ní nǹkan bí ìwọ̀n 11 péré.

Wàá rí i pé kì í ṣe bóyá ẹ̀rọ lè gbọ́ ohùn kékeré ni ìṣòro wa. Wọ́n ti yanjú ìyẹn láti ọdún 1946. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì máa ń pariwo fúnra rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì lè bo ohun tó ń wá. Robert Dicke, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pá ìyípadà kan sẹ́nu rẹ̀, tó ń gbọ́ nǹkan tí a fẹ́ wọ̀n, tó ń yí padà kíákíá gbọ́ ohun mìíràn tí a mọ ooru rẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Bí ìgbà tí o ní òṣùwọ̀n tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ni: gbé iṣu lé e, gbé e kúrò, gbé òkúta tó o mọ kílò rẹ̀ lé e, ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, gbígbọ̀n náà á pa ara rẹ̀ rẹ́, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò kù. Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Arno Penzias àti Robert Wilson lè kéde ní ọdún 1965 pé gbogbo ojú ọ̀run ní ooru bíi Kelvin 3, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1978. Etí tó gbọ́ Kelvin 3 ò ní sọ pé òun ò gbọ́ ààrò rẹ.

Àwọn tó fẹ́ borí àṣìṣe ìpín ìtújáde máa ń fi ìgbì kékeré tí wọ́n mọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí nǹkan náà, wọ́n á wo èló ló padà wá. Ohun tí kò padà ló wọlé, ohun tó sì lè wọlé ló lè jáde. Ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgbì 137 GHz láti wọn ooru inú ìléru gíláàsì yíyọ́.

Ìwọ ò nílò ìyẹn. Ààrò rẹ ti ṣe é fún ẹ. Tí ààrò bá kún fún bíríkì, tí ẹnu rẹ̀ sì kéré, ohun tí bíríkì kan kò tú jáde tó, á dá ti bíríkì tó kọjú sí i padà láti fi dí i. Ìgbì náà á máa ta láti ara èyí sí ara ìyẹn títí tí ohun tó ń gba ihò jáde á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Ihò kékeré lára ààrò tó gbóná dọ́gba kì í parọ́. Nítorí náà, má na ẹ̀rọ sí ojú nǹkan tí o bá lè nà án sínú ihò.

Bí mo ṣe máa ṣe é nìyí tó bá jẹ́ èmi. Fi paìpù irin tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 20 sínú ògiri ààrò nígbà tí ẹ bá ń mọ ọ́n. Má lo bàbà, 1,085°C ni bàbà ń yọ́. Jẹ́ kí ẹnu paìpù náà dúró sínú ògiri, kó má yọ sínú iná, kó máa wo àárín àwọn bíríkì. Jẹ́ kó gùn síta tó ìdajì mítà, kí LNB tó wà ní ìdí rẹ̀ má bàa gbóná, torí ike ló pọ̀ lára rẹ̀. Paìpù tó bá gbóná á fi ìgbì tirẹ̀ kún un díẹ̀, ìyẹn sì wà lára ìdí tó fi yẹ kí o mọ ojú ìwọ̀n méjì. Ka iye rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó dáná, nígbà tí ààrò wà ní nǹkan bíi 27°C, tó jẹ́ Kelvin 300. Tún kà á nígbà tí thermocouple (wáyà oríṣi méjì tí wọ́n so lórí, tí wọ́n ń tì bọ inú nǹkan láti wọn ooru rẹ̀) bá sọ fún ẹ pé inú ààrò ti dé 500°C, tó jẹ́ Kelvin 773. Fa ìlà. Fáíńdà dára fún ìdánwò orí òrùlé, àmọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í rìn tọ́ọ́rọ́. Lọ bá àwọn ọmọ ẹlẹ́kítíróníìkì ní LAUTECH kí wọ́n fi dáyóòdù ṣe èyí tó dára sí i fún ẹ. Inú wọn á dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé owó ọwọ́ rẹ kò tó méjèèjì, thermocouple irú K ni kí o kọ́kọ́ rà. Ó lè lọ dé nǹkan bíi 1,260°C, bíríkì yín ò sì nílò ju 900 sí 1,000 lọ. Máíkírówéèfù á wá jẹ́ ojú kejì.

Ní ti àlúmì, thermocouple K náà ni, nínú àpò seramíìkì. Má fi irin lásán ṣe àpò rẹ̀. Àlúmì yíyọ́ á máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, á sì ba àlúmì yín jẹ́. Tí ìbọn rẹ bá lè ka 800, ọgbọ́n ihò yẹn ṣì wà: mú ọ̀pá seramíìkì tó dí ní ìdí, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, tó gùn tó 25, ti ìdí rẹ̀ bọ inú àlúmì, dúró kó gbóná, kí o wá na ìbọn sínú rẹ̀. Má yí 0.95 náà padà. Iye tó máa kọ á jọ ẹ lójú, ìwọ tó o ti ń wo 310 láti ọjọ́ yìí.

Ẹ máa rọ ìkòkò láàárín 700 sí 750°C. Sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ihò wínníwínní tó ń yọ lára ìkòkò, tí ọbẹ̀ fi ń jò, ó lè jẹ́ pé àlúmì ló gbóná jù. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ló ń fa gáàsì háídírójìn láti ara omi tó wà nínú afẹ́fẹ́, gáàsì náà á sì wá ọ̀nà jáde nígbà tí ìkòkò bá ń le.

Kí o tó ti ọ̀pá tàbí thermocouple kankan bọ inú àlúmì yíyọ́, gbé e sẹ́nu iná fún ìgbà pípẹ́, títí tí yóò fi gbẹ dé inú lọ́hùn-ún, pàápàá lásìkò òjò. Ìkán omi kan ṣoṣo tó bá bá a wọ ìsàlẹ̀ lè bú gbàmù, kó sì ta àlúmì sí yín lójú. Má ṣe é láìwọ bàtà tó dí àti ìbojú.